Àtíkè Inú Pélé

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, tí ọjà òkè òkun kún Òṣòdì, ohun tí mo kọ́kọ́ fi owó oṣù mi rà ni búrọ́ọ̀ṣì ìṣaralóge méjì àti fóòmù kékeré kan. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé wa ní Ìsọlọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń rò.

Pélé mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ rẹ̀, èmi ni mo fi òwú kun àtíkè fún un. Mo kùn ún, mo tún kùn ún, mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dára tó. Nígbà tí fọ́tò jáde, àtíkè ti kún inú pélé náà, ó funfun báláú. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kígbe pé, "Ìyàwó wa, ta ló fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí ọ lójú?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ki fọ́tò náà bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì sọ fún ìyá wa pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa so yìgì òun, òun ò fẹ́ rí onífọ́tò kankan.

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá wa. Ìyá àgbà wà ní Abẹ́òkúta, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè wá. Fọ́tò nìkan ni ì bá fi rí ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ìyàwó.

Ni mo bá lọ bá àǹtí kan tó ń ta ohun ìṣaralóge lẹ́bàá ojú irin ní Òṣòdì. Mo na ọwọ́ sí odindi páálí búrọ́ọ̀ṣì kan.

"Ojú mélòó lo fẹ́ kùn?"

"Ọ̀kan ni, mà."

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Ńlá kan, kékeré kan fún ètè, fóòmù kan. Ó tán."

Ó kó búrọ́ọ̀ṣì ńlá mẹ́ta sílẹ̀, ó ní kí n fi wọ́n gbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi wò. Àkọ́kọ́ gún mi bí ìgbálẹ̀. Èkejì rọ̀, àmọ́ nígbà tí mo fà á díẹ̀, irun rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta rọ̀, kò sì bọ́. Òun ni mo mú. Ó ní kí n máa rẹ fóòmù sómi, kí n fún un títí kò fi ní kán mọ́, kí n fi mú páńkéèkì ìkunjú, kí n sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú, kí n má fà á. Bí mo bá fẹ́ lo àtíkè, kí n kọ́kọ́ gbọn búrọ́ọ̀ṣì náà dáadáa. Páńkéèkì aláwọ̀ búráùn ló fún mi, kì í ṣe ti òyìnbó tí gbogbo ènìyàn ń rà.

Ìyá wa náà bu pélé, nítorí náà ojú tirẹ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ṣé èmi náà tún ń lọ sílé ọkọ ni?" Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé búrọ́ọ̀ṣì ètè yẹn wọ inú pélé gẹ́lẹ́. Mo fi gbá àtíkè inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

"Ó dáa, wàá ṣe tèmi," ló sọ. "Àmọ́ bí n bá rí funfun kan báyìí, onífọ́tò á padà sílé ni."

Lọ́jọ́ yìgì, onífọ́tò ti gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ lágbàálá. Mo kun ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó dára, inú mi dùn. Bí mo ṣe ní kó dìde ni ládàánì pe ìrun Àyìlà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé búta, ó bọ́ sẹ́yìn ilé láti ṣe àlùwàlá.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ojú yín!"

"Ojú tí mo fẹ́ fi kírun kọ́ nìyí."

Ilé kéwú tí wọ́n ti kọ́ mi pé omi gbọ́dọ̀ kan ara ni mo lọ, síbẹ̀ n kò rántí! Èmi náà bu omi, mo kírun lẹ́yìn rẹ̀. Kí a tó sálámà, onífọ́tò ti ń pariwo lóde pé, "Ìyàwó dà? Àwọn àfáà ti dé o!"

Kò sí àyè fún ohun púpọ̀. Fóòmù ṣì tutù díẹ̀. Mo tẹ páńkéèkì mọ́ ọn lójú lẹ́ẹ̀kan péré, mo gbọn búrọ́ọ̀ṣì ńlá, àtíkè fẹ́rẹ̀ẹ́ má kù lára rẹ̀ mọ́, mo sì fi kékeré gba inú pélé kọ̀ọ̀kan kọjá. Ó wo dígí, ó wò ó pẹ́. Ó jáde lọ bá onífọ́tò, ó sì fúnra rẹ̀ yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i.

Ìyá wa gbé fọ́tò náà lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tó padà dé, ó ní ìyá àgbà gbé e súnmọ́ ojú, ó ń fi èékánná tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Pélé tí mo ní kí wọ́n bù fún un nìyí."

Ẹ̀gbọ́n mi kan fọ́tò kejì mọ́ ògiri pálọ̀ rẹ̀, níbi tí àlejò yóò ti kọ́kọ́ rí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.