Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀ Tí Mo Túmọ̀ fún Salma

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi: èmi yìí ni mo buwọ́ lu ìwé pé mo gbọ́ èdè Malay dáadáa. Irọ́ ni o!

Oṣù mọ́kànlá péré ni mo lò ní Malaysia, tí mo ń ta fóònù, kí n tó dé New York. Malay tí mo gbọ́ kò ju kí n kí èèyàn, kí n ná ọjà, kí n sì bẹ ọlọ́pàá lọ.

Mufú, àbúrò ìyàwó mi, ló fẹ́ fẹ́ Salma, ọmọ Malaysia tí wọ́n jọ ń tọ́jú arúgbó ní Bronx níbí. Salma ti lọ́kọ rí nílùú wọn, ọkọ náà sì ti kọ̀ ọ́. Lọ́yà tó ń bá wọn ṣe ìwé ìgbéyàwó wá ní kí wọ́n mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí oúnjẹ la wà tí Mufú fi ní, "Ṣebí Bọ̀dá mi gbọ́ Malay!" Ìyá Kúdí, ìyàwó mi, kàn wò mí. Ṣé kí n wá sọ pé mi ò gbọ́? Níwájú àna?

Mo ṣí ìwé náà, ara mi balẹ̀. Nikah, wali, talak, iddah: ṣebí ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí nìyí! Nikah ni ìgbéyàwó, wali ni ẹni tó ń fa ìyàwó fọ́kọ, talak ni ìkọ̀sílẹ̀, iddah sì ni nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí ọkọ ṣì lè fi gba ìyàwó padà. Sàdáàkì, ẹ̀bùn ìgbéyàwó tí ọkọ fún un, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé owó tí wọ́n fi ra ìyàwó. Ibi tí wọ́n kọ "talak satu" sí, mo kọ ọ́ pé ọkọ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé kí n dúró níbẹ̀? Rárá o! Álífáà ti kọ́ wa pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ lè kọ ìyàwó kó tó tán pátápátá. Mo bá fi ìmọ̀ kún un: "Ó ku méjì."

Lẹ́tà lọ́yà dé. Ó ní ta ló ta Salma, ta ló rà á? Ó tún ní bó bá ku méjì, a jẹ́ pé ìgbéyàwó àkọ́kọ́ kò tíì tán nìyẹn. Ìgbéyàwó tuntun sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án!

Mo pe lọ́yà pé kó bá mi pa ìlà yẹn rẹ́. Ó ní kò ṣeé ṣe, ògbufọ̀ gidi ni wọ́n máa wá, ó sì lè pẹ́. Lójú tèmi, wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfurufú dá mi padà sí Ìṣẹ́yìn. Èyí tó burú jù ni pé Mufú ti ń bi mí, tẹ̀rùtẹ̀rù, pé ṣé ọkọ àtijọ́ ṣì lè wá gba Salma padà.

Ní Sátidé, àwọn méjèèjì wá sílé wa ní Parkchester. Kí ni akọni ṣe? Mo sá wọ bááfúrúùmù, mo ṣí omi sílẹ̀! Ìyá Kúdí kan ilẹ̀kùn: "Baba Kúdí, ẹ jáde, àbí omi lẹ tún ń túmọ̀ ni?"

Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Salma kò tilẹ̀ bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Wọ́n ti sún ìgbéyàwó náà síwájú. Bí mo ṣe ń kọ èyí, a ò tíì rí ògbufọ̀, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé "mi ò mọ̀ ọ́n" kì í pa èèyàn. Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ wo ni ìtìjú mú yín gbà rí, tó wá di wàhálà sí ẹlòmíì lọ́rùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ojú má ti èmi nìkan.

Mufú kò bi mí mọ́ o bóyá ọkọ àtijọ́ lè wá gba Salma padà. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Salma kọjú sí i, kò tilẹ̀ wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi:

"Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. Mo ka oṣù mẹ́ta, mò ń tẹ́tí sí ilẹ̀kùn lójoojúmọ́. Kò wá. Kò ku nǹkan kan."