Irin tí Mo Dè Mọ́ Ẹ̀yìn Ìjàpá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba, Ẹni tó fi ọgbọ́n sí orí ọmọ ènìyàn, tó sì fi agbára sínú irin. Ọpẹ́ mi kò lè tó, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Bàbá mi fi ọkọ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣe rùbùtù. Mo wà á láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Jikwoyi ní agbègbè olú ìlú, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́sáláṣí wa jóná, ẹnì kan ta wá lọ́rẹ táǹkì omi tó wà lórí kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì. Ọkọ̀ tí yóò fà á lọ pọn omi wá ni kò sí. Jímọ̀ ń bọ̀, a kò sì ní omi àlùwàlá. Àwọn tó ní jíìpù láàárín wa ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lu ihò sí ọkọ̀ àwọn láti de irin tí yóò fa táǹkì mọ́ ọn. Ni mo bá dìde, mo ní ìjàpá mi yóò fà á.

Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan ní, "Ìjàpá wo? Èyí tí a jọ tì lọ́jọ́sí? Òun gan-an ni táǹkì máa fà!"

Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n yíya àwòrán ẹ̀rọ ni iṣẹ́ mi ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Bọ́ńpà rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò lè gbé ẹrù. Ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Irin tí mo fẹ́ ní láti gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá, kó lọ di egungun ọkọ̀ náà mú. Mo gé páálí gẹ́gẹ́ bí ìrísí rẹ̀. Kò bá a mu. Mo tún un gé lẹ́ẹ̀mẹta. Nílé kéwú, àfáà wa kì í gba wàláà tí lẹ́tà kan bá ti yẹ̀. A ó fọ̀ ọ́, a ó tún un kọ. Ọ̀nà kan náà ni mo fi gé páálí yẹn.

Wẹ́dà kan ní Utako, ọmọ Ìlọrin, ló bá mi gé irin. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n jó o mọ́ ọkọ̀, kó parí."

"Rárá o. Bóòtù mẹ́fà ni a ó fi dè é. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ fún àtúnṣe ńkọ́?"

"Bóòtù mẹ́fà? Kai! Ṣé àpáta Zuma lẹ fẹ́ fà ni?"

Mo tún ní kó lu ihò mẹ́ta ní òòró, kí orí irin náà lè gòkè tàbí kó wálẹ̀. Ó mi orí, ó lù ú.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, Lẹ́mọ́ọ̀mù wa àti àgbà méjì wá ṣe àdúà níbi tí a ti ń pọn omi. Bí àdúà ti parí ni wọ́n wọ inú ìjàpá jókòó. Ta ló máa ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀? Èmi nìkan ló sì wà nínú ọkọ̀ nígbà tí mo wọn gíga irin yẹn. Ní bọ́ǹpù àkọ́kọ́, òkìtì tí wọ́n ṣe sójú títì kí ọkọ̀ má sáré, irin ha ilẹ̀ gbàràrà.

Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀ jù."

"Àwa la wúwo ju omi lọ?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Lẹ́mọ́ọ̀mù bú sẹ́rìn-ín. "Ṣebí àlùwàlá ló ń ṣáájú ìrun? Kí omi máa lọ níwájú. A ń bọ̀ lẹ́yìn."

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Omi dé, gbogbo jámáà ṣe àlùwàlá, kò sí bóòtù kan tó tú. Ẹni tó fi mí ṣẹ̀sín ló kọ́kọ́ bu omi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fi sípánà gbé orí irin náà sókè sí ihò kejì, láìpe wẹ́dà.

Ní Jímọ̀ kejì, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún Lẹ́mọ́ọ̀mù. Àwọn àgbà méjì jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí a dé bọ́ǹpù yẹn, Lẹ́mọ́ọ̀mù ní, "Bísímílà," gbogbo wa sì tẹ́tí. Irin kò dún. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, "Máa fà á lọ, ọmọ mi."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ ṣe tú lójú ọ̀nà. Kí ó gbé ẹrù rẹ dé ilé. Àmín.