Kòkòrò Ṣẹ́dà Nínú Pálọ̀ Wa

Ẹrù ni mo ń bójú tó ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tí à ń gbé ní Mafoluku. Nígbà tí iléeṣẹ́ wa dín òṣìṣẹ́ kù, mo wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ. Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún. Àwọn ayálégbé yòókù ò bi mí, èmi náà ò sì la ẹnu mi.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí. Aṣọ òfì ni bàbá mi hun títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, ó sì máa ń kédàárò pé òwú òkè òkun ti gba iṣẹ́ mọ́ sányán, òwú ṣẹ́dà ilẹ̀ wa, lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ló sún mi dé ìdí sísin kòkòrò. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń dáko lọ́nà Ìbàdàn fún mi ní ẹyin kòkòrò ṣẹ́dà, àwọn kòkòrò tó jẹ́ pé ẹnu wọn ni wọ́n ti ń fa òwú jáde. Ẹyin náà lẹ̀ mọ́ bébà, wọ́n kéré bí kóró tẹ̀tẹ̀. Ó ní, "Ewé malibẹ́rì nìkan ni wọ́n ń jẹ. Tó o bá ti rí i, o ti ríṣẹ́ ṣe."

Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé aládàáni kan ní Àjàó Estate. Igi malibẹ́rì kan wà lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa já ewé tó bá fẹ́, tí kò bá ṣáà ti ṣẹ́ ẹ̀ka.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí i pé bébà yẹn ti dúdú. Mo rò pé èèrà ló bò ó. Mo tẹ̀ síwájú, mo rí i pé kòkòrò ni, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ìpéǹpéjú, wọ́n ń gbé orí sókè bí ẹni tó ń wá ìyá rẹ̀. Mo fi ìyẹ́ adìẹ gbá wọn sórí ewé tí mo rẹ́ wẹ́wẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti jí láàárọ̀ kí n ní ohun tó ń dúró dè mí.

Wọ́n dàgbà kíákíá. Wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn, wọ́n á bọ́ awọ, wọ́n á tún béèrè oúnjẹ. Mo tẹ́ wọn sórí atẹ, mo sì ki ẹsẹ̀ tábìlì bọ inú agolo omi kí èèrà má bàa gùn ún. A ò fín oògùn ẹ̀fọn mọ́, nítorí èéfín díẹ̀ ti tó láti pa wọ́n. Mo fi aṣọ dí fèrèsé. Nígbà tí wọ́n funfun tí wọ́n sì gùn tó ìka ọwọ́, bí wọ́n bá ń jẹ ewé, ẹ ó máa gbọ́ ọ bí òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lórí páànù.

Obìnrin kan tó ń ránṣọ, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kí n bá òun ṣẹ́ owó. Mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Kò wo ojú mi, èjìká mi ló gbójú gbà wo inú pálọ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì yíjú padà láìgba owó rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi gba ilé kan. Ọkọ tí kì í jáde mọ́, fèrèsé tí wọ́n dí pa, ìyàwó tí ń gbé ọ̀rá dúdú wọlé lójoojúmọ́: kí lẹ rò pé ó wà níbẹ̀? Wọ́n ní ìdin ni mò ń sìn, pé oògùn owó ni. Àwọn ìbejì wa ti ilé ìwé dé, Táyé bi mí pé, "Dádì, kí ló ń jẹ́ oògùn owó?" Kẹ́hìndé jókòó sílẹ̀. Ó ti yọ sókísì rẹ̀, ó kàn ń ká a ní ọwọ́. Nígbà tó yá ló ní, "Ọmọ onídin ni wọ́n ń pè wá." Mo gbé garawa lọ sí balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó sórí òkúta níbẹ̀. Mi ò da omi sára.

Àárọ̀ Sátidé ni ìyá onílé wá, àgbàlagbà ará Abẹ́òkúta tí kì í pariwo. Àwọn ayálégbé tẹ̀ lé e.

"Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n wá wo pálọ̀ yín."

"Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, Mà. Ẹ wọlé."

Ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn pé, "Rárá o! Kó gbé e síta, kí gbogbo wa jọ rí i!"

Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé ló wà lọ́rùn mi. Mo gbé àwọn atẹ náà síta lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sí àárín àgbàlá. Ẹni tó ń ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù" ń ké e, ẹni tó ń fi fóònù ká mi sílẹ̀ ń ká mi. Ìyá onílé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n.

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Òwú ni wọ́n ń ta, Mà. Òwú ṣẹ́dà."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, níbo lẹ ti ń ráyè èyí?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. "Mi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, Mà. Wọ́n ti ní kí n máa lọ."

Fóònù tó wà lókè rọra sọ̀kalẹ̀. Ẹnì kan ní, "Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Bí wọ́n ṣe ń pè mí ní olóògùn owó, mo ṣì lè bínú. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi pẹ̀lẹ́ yẹn ṣe? Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mi ò fẹ́ kú, àmọ́ ǹ bá wọ ilẹ̀ ká ló lanu.

Ìyàwó mi jáde, ó mú kòkòrò kan, ó gbé e sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. "Ewé ló wà nínú ọ̀rá mi," ó wí. "Ẹ wò ó. Ewé lásán."

Ìyá onílé mí kanlẹ̀. "Mo ti rí i pé ẹ ò ṣe ibi. Ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ará ilé ò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó wọn kúrò."

Ọ̀gá ìyàwó mi yá wa ní yàrá kan nílé ìwé náà tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. A gbé àwọn atẹ lérí, a fẹsẹ̀ rìn láti Mafoluku lọ. Lẹ́bàá títì, ọ̀kan nínú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi rí mi, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ wa. "Ọ̀gá mi! Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Mo ní kó má ṣe ìyọnu. Ó gbé e náà. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan, ó kàn ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí a fi dé ẹnu géètì.

Ibẹ̀ la ti rí i pé àwọn kan ń lọ́ra, tí omi aláwọ̀ ewé ń jáde lẹ́nu wọn. Ẹnì kan ti fín oògùn kòkòrò gba abẹ́ ilẹ̀kùn wa. Mo ti gbóòórùn rẹ̀ láàárọ̀, mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́ ọ. Kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, èyí tó pọ̀ jù ti kú. Ìyàwó mi gbẹ́lẹ̀, ó sin wọ́n.

Àwọn díẹ̀ tó kù gun koríko gbígbẹ, wọ́n ta òwú yí ara wọn ká títí ilé kọ̀ọ̀kan fi rí bí ẹyin àdàbà. A ki àwọn kan bọ omi gbígbóná, a wá ẹnu òwú náà, a ká a sórí igi. Kò pọ̀. Bí ẹ ò bá gbé e kojú sí oòrùn, ẹ ò ní rí i.

Obìnrin tó ń ránṣọ wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. "Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá Ìbejì." Mo ní ó ti tán. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, mo máa ń dúró kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá kí n tó lọ pọnmi, títí a fi kó lọ sí Ìsọlọ̀.

Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọ̀gá wa bi mí pé kí ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, iṣẹ́ tó bọ́, kòkòrò, àgbàlá, gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kó tó rẹ́rìn-ín tán, mo ti tẹrí ba sórí ìyẹ̀fun tí mò ń pò.