Kọ́kọ́rọ́ Tó Wọ Inú Omi Àdúrà

Ohùn ọkọ̀ náà kò ju ti ẹyẹ kékeré kan lọ. Yóò dún, iná ọ̀tún àti iná òsì yóò ṣẹ́jú, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí. Mo rántí àárọ̀ tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà hàn mí níwájú ilé rẹ̀ ní Sabon Gari, ní Kano. Ó na ọwọ́ sí ọkọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ sì dá a lóhùn. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀ kí n tó rí èyí, mo sì ti rò pé kò sí ohun tí ọkọ̀ tún lè ṣe tí yóò yà mí lẹ́nu.

Bọ́ọ̀sì tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ tó ti jẹ tán débi pé mo lè fà á yọ kí ọkọ̀ ṣì máa lọ. Ọkọ̀ tí mo ń wà lẹ́yìn ìyẹn kò tilẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Wáyà méjì la máa ń so pọ̀ nísàlẹ̀ ìtọ́kọ̀, bí wọ́n bá ti fẹnu kan ara wọn, ẹ́ńjìnnì á dìde. Lójú mi, irin ni kọ́kọ́rọ́. Bí irin bá ti wọ ihò rẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọ̀gá mi kò ní ihò kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtọ́kọ̀. Dúdú ni ohun tí ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì ń dán, bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò dé ìdajì. Ó ní kí n jẹ́ kó wà nínú àpò mi, kí n kàn sún mọ́ ọkọ̀, kí n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, yóò ṣí. Tí mo bá wọlé, kí n tẹ bíréèkì, kí n tẹ bọ́tìnnì róbótó tó wà níwájú mi, ó tán. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sára bọ́tìnnì náà. Mo kà á sókè fúnra mi, ọ̀gá mi sì rẹ́rìn-ín. Mo ti dàgbà kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní àdúgbò Noman's Land láti mọ̀wé kà, gbogbo ohun tí ojú mi bá sì rí nígbà náà ni mo máa ń kà sókè.

Mo gbé ọkọ̀ náà dé ilé wa lọ́jọ́ yẹn, ìṣọwọ́ṣe rẹ̀ kò jẹ́ kí n jókòó. Mo máa ń rìn jìnnà sí i, á ti ara rẹ̀ pa, màá tún padà. Bí mo bá ti dé tòsí, á ṣí fún mi. Ó dá mi lójú pé èmi ni ó mọ̀. Mo wá ní kí n dán an wò bóyá yóò mọ̀ mí nínú aṣọ mìíràn. Mo bọ́ kàfútàànì tó wà lọ́rùn mi, mo fi kọ́ ẹ̀yìn àga ìyàwó mi ní fàráńdà, mo wọ bùbá, mo sì rọra lọ bá ọkọ̀. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Mo yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò ṣí. Ọmọbìnrin wa, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í fi dáhùn, ń fi Hausa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Baba, mota ba ta san ka ba." Ó ní ọkọ̀ kò mọ̀ mí. Ìyàwó mi ti ọwọ́ bọ àpò kàfútàànì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó gbé e sórí itan.

"Bàbá wọn," ó ní, "nǹkan yìí ni ọkọ̀ mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa ṣe rí nínú ilé. Àwa méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Orí àga yẹn ló máa ń wà nígbà náà. Ìgbáròkó rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Ó ṣubú lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, a fi òróró pa á, a rò pé ìrora náà yóò lọ. Kò lọ. Nígbà tó yá, kò lè rìn kọjá fàráńdà mọ́. Obìnrin tó máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, tó máa ń dúró kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó bá wà lọ́nà, ni àwọn èèyàn wá ń yà kí ní ìjókòó. Wọ́n sọ fún wa ní ilé ìwòsàn pé iṣẹ́ abẹ ló kù, pé dókítà kan máa ń wá láti òkèèrè sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní apá kejì ìlú, òun ló ń ṣe irú rẹ̀. Wọ́n fún wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n sì sọ ọ́ yé wa pé ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò dáhùn, kó máa retí ìgbà tí dókítà náà bá tún wá. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà náà.

Ọ̀gá mi fẹ́ lọ sílé ní Ọ̀fà lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní kí n má wulẹ̀ dá ọkọ̀ padà, kí n fi gbé ìyàwó mi lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Kano ń pè ní A Daidaita Sahu kò ṣeé gbé e. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a dán an wò, ó sunkún láti àdúgbò Brigade títí dé ẹnu ọ̀nà wa, mi ò sì tíì rí i kó sunkún rí kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ìjọ aláṣọ funfun ni à ń lọ. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá gba ọkọ̀ tàbí tó fẹ́ rin ìrìn tó wúwo yóò mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ fún Wòlíì. Wòlíì yóò gbàdúrà sí omi nínú abọ́ funfun, yóò ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, yóò sì dá a padà fún ẹni náà tòun ti omi tó ń kán lára rẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún ọkọ̀ akẹ́rù àti fún bọ́ọ̀sì, àní fún ọ̀kadà nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ọ̀kadà gbé èrò ní Kano. Omi kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ irin ní nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, a yà sí ilé àdúrà kí a tó máa lọ. Mo di ìyàwó mi lápá mú wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún Wòlíì. Ó tì í bọ omi. Nítorí pé ọ̀rọ̀ wa ká a lára, ó tì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀ títí tó fi ka sáàmù tán. Gbogbo wa ṣe àmín, inú mi sì balẹ̀.

Nígbà tí a jáde, mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kò ṣí. Mo tẹ kọ́kọ́rọ́, mo tún un tẹ̀. Kò dún, iná kò ṣẹ́jú. Omi ń jáde láti ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni àpò ìyàwó mi wà, pẹ̀lú káàdì ilé ìwòsàn àti àwòrán egungun rẹ̀ tí wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ má mú wá. Mo rí àpò náà láti ojú gíláàsì, lórí àga, bí ohun tó wà nílùú mìíràn. Wòlíì jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi etí sùtánà rẹ̀ nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún dá a padà. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Mo wo ìyàwó mi. Ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú, ó ń wo títì. Mo mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ni ó ń rò, pé wọn yóò máa pè é nínú gbọ̀ngàn kan, tí ẹnikẹ́ni kò ní dáhùn.

Mo pe ọ̀gá mi ní Ọ̀fà. Mo bi í bóyá kọ́kọ́rọ́ kejì wà nílé. Ó ní ó wà lọ́wọ́ òun níbẹ̀. Ó ní kí ló ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣàlàyé.

"O ní ta ló tì í bọ omi?"

"Wòlíì ni, sà."

"Ṣé ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún un ni?"

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ lóhùn mi, ó sì fi àwàdà sílẹ̀. Ó ní irin tínrín kan wà nínú kọ́kọ́rọ́ náà, pé kí n wá ibi kékeré tó ń yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n fi èékánná tì í. Èékánná mi kò ní ẹnu, iṣẹ́ epo mọ́tò ti jẹ ẹ́ tán. Ìyàwó mi na ọwọ́ láti orí àtẹ̀gùn, ó gbà á, ó wá a kiri, ó tì í. Kọ́kọ́rọ́ irin kan yọ jáde láti inú ike dúdú yẹn, tínrín, mímọ́, bí ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, tó kàn ń dúró. Mo rí ihò kan lára ilẹ̀kùn awakọ̀ tí mi ò fojú sí rí. Irin náà wọ ibẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí.

Bó ṣe ṣí ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ń ké bí ẹni pé olè ni mo jẹ́, gbogbo iná rẹ̀ ń tàn, wọ́n sì ń kú. Ẹni tó ń ta tíì ní òdìkejì títì, Hausa àgbàlagbà kan tó mọ̀ wá, fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá. Mo wọlé, mo tẹ bíréèkì, mo tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo kà á: ó ní òun kò rí kọ́kọ́rọ́. Ó wà lọ́wọ́ mi, òun kò sì rí i.

Mo ṣì gbé fóònù sétí. Ọ̀gá mi ń pariwo kí n lè gbọ́ ọ. Ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ náà fẹnu ko bọ́tìnnì, kí n jẹ́ kí ara wọn kan ara, kí n wá tẹ̀ ẹ́. Mo bi í bóyá yóò ṣiṣẹ́, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ti kú.

"Bí ẹni tó tà á fún mi ṣe wí nìyẹn," ó ní. "Mi ò dán an wò rí."

Wòlíì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn kan, ẹni tó ń ta tíì dúró lẹ́bàá èkejì. Ìyàwó mi ti dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dì í mú, ó di ọwọ̀n ilé àdúrà mú. Mo gbé ohun tútù yẹn, tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, mo fi í kan bọ́tìnnì róbótó náà. Iná aláwọ̀ ewé tàn yí bọ́tìnnì ká. Mo tẹ̀ ẹ́. Igbe dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì dìde jẹ́jẹ́, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù tàn bí ìgbà tí wọ́n mú iná dé sí àdúgbò.

"Ikon Allah," ni ẹni tó ń ta tíì wí, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀. Iṣẹ́ Ọlọ́run. Wòlíì fi ohùn kékeré ṣe àmín sí i. Mo wo kọ́kọ́rọ́ náà. Bátìrì ti kú, omi kún inú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ, kò lè pe ọkọ̀ láti ọ̀ọ́kán mọ́. Síbẹ̀ nǹkan kan ṣì wà nínú rẹ̀ tí omi kò dé, tí ọkọ̀ sì mọ̀ nígbà tí wọ́n súnmọ́ra. Lẹ́yìn náà, ọmọ rẹwáyà kan, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, pé ẹ̀yà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí kì í lo bátìrì. Ó yé mi. Àlàyé náà kò mú ẹnu mi pa dé.

Mo wakọ̀ gba apá Fagge jáde bí ẹni gbé ẹyin. A dé ilé ìwòsàn náà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé tí mo bá pa á, kò ní jí mọ́, ìyàwó mi yóò sì di ẹni tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìrora padà sílé. Mo sọ fún un pé kí nọ́ọ̀sì dì í mú wọlé, èmi yóò máa ṣọ́ ọkọ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Ẹ pa á," ó ní. "Tó bá mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan, á tún mọ̀ ọ́n. Ẹ wá dì mí mú."

Mo jókòó díẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo iná kú, ibẹ̀ parọ́rọ́. Mo yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ki apá mi bọ abẹ́ apá rẹ̀, a sì ń lọ. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì kún gbọ̀ngàn náà ju bí mo ṣe rò pé ó lè kún un lọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó rìn. Ọdún mélòó kan ló tún fi rìn lọ sọ́jà, tó ń dúró kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àìsàn mìíràn ló mú un lọ, èyí tí kò fún wa ní àárọ̀ ọjọ́ kankan. Ọ̀gá mi ti ta ọkọ̀ yẹn, òmíràn ni mo ń wà fún un báyìí, irú kan náà, tó ń ṣí fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń lò ó láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ṣì máa ń wò ó. Bí mo bá sì dé ibi tí mò ń lọ, tí mo pa ẹ́ńjìnnì, tí gbogbo iná kú, mi kì í yára jáde. Mo máa ń jókòó nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀, kí n tó rántí pé kò sí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀gbẹ́ kejì tó ń dúró kí n wá di òun mú.