Ìkúnlẹ̀ Ọmọ Mi Nídìí Tábìlì Káàdì

Mo rántí ìgbà tí ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ gbé káàdì wọlé, tí mo ní kó gbé e padà síbi tó ti rí i. Gíláàsì fèrèsé ni mò ń gé nílùú Òkìtìpupa títí di òní, iṣẹ́ náà sì ti kọ́ mi láti máa bẹ̀rù ohun tí kò ṣeé tún ṣe. Bí èèyàn bá gé gíláàsì kúrú, kò sí bó ṣe lè fà á gùn mọ́. Bí mo ṣe ń wo ọmọ náà nìyẹn. Òun nìkan ni Ọlọ́run fún èmi àti ìyá rẹ̀. Nígbà tó wà ní yunifásítì níbí, bó bá fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìkọ̀yà, màá pè é nígbà tó bá gun ọ̀kadà, màá tún pè é nígbà tó bá yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀. Á ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ná."

Póókà ni wọ́n ń pe eré káàdì náà. Lójú tèmi, tẹ́tẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun mìíràn fún mi. Ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Káàdì méjì ni wọ́n ń fún oníkálukú, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí i. Wọ́n á wá máa ṣí márùn-ún sílẹ̀ láàárín tábìlì fún gbogbo èèyàn. Nínú méjèèje, ẹni tó bá to márùn-ún tó lágbára jù ló jẹ. Ike pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń ta á. Bí ike rẹ bá tán, o ti jáde. Ẹni tó bá ti ike púpọ̀ síwájú ń sọ fún ẹnì kejì pé káàdì òun dára. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ irọ́. Bí o bá gbà pé òótọ́ ni, wàá ju káàdì rẹ sílẹ̀. Bí o kò bá gbà, wàá ti ike tìrẹ náà síwájú, ẹ ó sì jọ ṣí káàdì.

Mo ní, "Eré irọ́ pípa ni nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Eré ká dá irọ́ mọ̀ ni, Bàbá."

Ẹgbẹ́ kan wà tó máa ń ta eré náà ní gbọ̀ngàn ilé ìtura kan lọ́jọ́ Sátidé: àwọn olùkọ́ yunifásítì, òṣìṣẹ́ ìjọba mélòó kan, àti awakọ̀ takisí kan láti Igbotako. Wọn kì í fi owó ta á. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò lọ ṣojú wọn níbi ìdíje kan l'Ékòó, ọmọ mi ní òun náà fẹ́ dán an wò. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo fi àdéhùn kan dè é: bó bá jáde lọ́jọ́ náà, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan káàdì mọ́ láé. Ó wò mí, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Ọmọ mi kì í yẹ àdéhùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó dè é.

Mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìtura náà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ẹni náà. Mo gbé àga sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kí n lè máa ṣọ́ ọ. Kò pẹ́ tí ọkùnrin tó ń pín káàdì fi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú yín ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọ̀hún." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Mo gbé àga mi, mo lọ.

Nígbà tí oòrùn máa fi yí sí ìwọ̀-oòrùn, gbogbo àwọn yòókù ti jáde, ó ku ọmọ mi àti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, bàbá yìí ló kọ́ mi ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama. Bí mo bá pàdé wọn lójú pópó títí di ìsinsìnyí, ọwọ́ mi á fúnra rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo, gbogbo ìlú ló sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ike àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ti bàbá ló fi díẹ̀ pọ̀ jù. Káàdì mẹ́rin ti wà láàárín: ọba dúdú kan, mẹ́jọ, mẹ́rin, àti méjì. Mẹ́jọ àti mẹ́rin yẹn jẹ́ ọlọ́kàn, ìyẹn àwọn pupa tó ní àwòrán ọkàn lára. Wọ́n ṣí ìkarùn-ún, èyí tó kẹ́yìn: jákì, ọlọ́kàn tún ni. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì ti gbogbo ike wọn síwájú.

Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé ọba méjì wà lọ́wọ́ ọmọ mi, tí ọba rẹ̀ fi di mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo ló lè borí rẹ̀ lórí tábìlì yẹn: kí bàbá ní ọlọ́kàn méjì lọ́wọ́, kí tiwọn pé márùn-ún. Bó bá ju káàdì sílẹ̀, ike díẹ̀ á ṣẹ́ kù fún un, eré á sì máa lọ. Bó bá gbà láti ṣí i, tí bàbá sì ní in, ó ti jáde nìyẹn, káàdì sì ti di èèwọ̀ fún un.

Awakọ̀ takisí pariwo láti ẹ̀yìn: "Ọmọ kékeré, sá fún àgbà o! Bàbá yìí ló lé mi dìde lórí àga yẹn!"

Ẹnì kan dá a lóhùn pé, "Ẹni tó kọ́kọ́ jáde kì í gbani nímọ̀ràn."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "káàdì rẹ dára, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé mi ni bàbá rẹ, mi ò fẹ́ kó o sunkún lójú ẹ̀."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí mo wà, mò ń gbàdúrà pé kó gbọ́ràn. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé bá gun igi, kò lè rí i; ìyẹn nìkan ló wà lọ́kàn mi. Ọmọ mi kò wo káàdì rẹ̀ mọ́. Ojú bàbá ló ń wò, ó sì wò ó pẹ́ ju bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ wa láti wo ojú àgbà. Lẹ́yìn náà ó ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó dìde, ó sì kúnlẹ̀.

Mo mí kanlẹ̀. Ta ni kò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ túmọ̀ sí? Ó ti túúbá. Awakọ̀ takisí pàtẹ́wọ́. Bàbá ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ," wọ́n sì na ọwọ́ láti kó ike mọ́ra.

Orí àti èjìká ọmọ náà nìkan là ń rí lókè tábìlì. Láti orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló ti fi ọwọ́ méjèèjì ti gbogbo ike rẹ̀ lọ sí àárín, bí ẹni ń gbé omi fún àgbà.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Mo fẹ́ rí i."

Ọwọ́ bàbá dúró sí afẹ́fẹ́. Wọ́n ṣí káàdì wọn: ọlọ́kàn kan ṣoṣo, èkejì dúdú kirikiri. Ọmọ mi tẹ́ ọba méjì rẹ̀ kalẹ̀.

Bàbá wò ó, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n yíjú sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ṣé ìwọ lo bí eléyìí lóòótọ́? Gbogbo ọdún tí o fi jókòó ní kíláàsì mi, o ò bi mí ní ìbéèrè kan rí!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. Ike díẹ̀ tí tiwọn fi ju ti ọmọ mi, tí wọ́n dá padà fún wọn, kò pẹ́ tán.

Nígbà tí à ń rìn lọ sílé, mo bi í pé kí ló dé tó kúnlẹ̀.

"Mo fẹ́ sọ fún àgbà pé irọ́ ni wọ́n ń pa, Bàbá. Èèyàn ò lè dúró sọ ìyẹn."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé irọ́ ni?"

Ó ní láti àárọ̀, ìgbàkígbà tí káàdì bàbá bá dára, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n á mu omi, wọ́n á máa wo òkè. Ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n gba òun nímọ̀ràn. Ẹni tó dẹ pàkúté kì í sọ fún ẹran pé kó gba ọ̀nà mìíràn.

"Àyà rẹ ò já ni?"

"Ó já gan-an. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù mi ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, Bàbá."

Mo ti bẹ̀rù fún ọmọ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e fún mi, mo sì ti máa ń rò pé ìbẹ̀rù náà ló ń ríran fún mi. Ọmọ tí mò ń ṣọ́ ń bẹ̀rù bíi tèmi, ṣùgbọ́n ó gbé ìbẹ̀rù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wá la ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Ó lọ sí Èkó, kò gba ipò kankan, ó sì padà wálé tayọ̀tayọ̀. Nísinsìnyí, ó ti ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà sí wa. Láìpẹ́ yìí ló pè mí pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí òun dá tòun sílẹ̀. Gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ tò sí mi lẹ́nu lẹ́sẹẹsẹ. Mo gbé wọn mì. Mo ní, "Kí lo rí?" Ó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àyà mi ń já títí ó fi parí ọ̀rọ̀, mo sì ní kó máa bá a lọ.