Irun Tí Màmá Mi Dì fún Ìrékọjá

Èmi kì í ṣe obìnrin tí ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ọkọ mi tí mo sì di Júù, mo pe màmá mi ní Abẹ́òkúta, mo sọ ọ́ fún wọn láì fepo bọyọ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọn ò fi gbé fóònù mi. Àmọ́ n ò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má dirun fún mi.

Wọ́n wá kí wa ní Manchester, wọ́n sì bá ọdún Ìrékọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọdún máa wọlé lálẹ́, wọ́n fi orúnkún há mi mọ́lẹ̀, wọ́n fi attachment tí wọ́n gbé wá láti ilé di gbogbo orí mi wẹ́wẹ́. Wọ́n ní àwọn àna àwọn ò ní rí mi bí ẹni tí kò níyàá. Inú mi dùn débi pé n ò lè lanu.

Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni màá lọ sí míkífà, omi tí obìnrin Júù tó lọ́kọ ń ri ara rẹ̀ bọ lẹ́yìn nǹkan oṣù. Títí yóò fi ṣe é, òun àti ọkọ rẹ̀ kì í fọwọ́ kan ara wọn. A kì í sì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Omi gbọ́dọ̀ kan gbogbo ara, attachment ò gbọdọ̀ sí lórí. Bí oòrùn bá sì ti wọ̀, ọdún ti wọlé nìyẹn, a ò gbọdọ̀ tú irun mọ́. Ọdún kẹrin rèé tí a ti ń wá ọmọ. N ò ní pàdánù oṣù kan nítorí irun.

Nígbà tó di agogo mẹ́rin, mo wọ bálùwẹ̀ lọ, mo ń tú u. Màmá ṣílẹ̀kùn, wọ́n rí mi, ojú wọn fà ro. Wọ́n bi mí bóyá irun àwọn ni kò dára.

“Irun yín dára, mà. Ṣùgbọ́n tí n ò bá wọ omi lálẹ́ òní, èmi àti ọkọ mi ò lè sùn pọ̀. Doctor sì ní ká má fi òní ṣeré.”

Màmá tó ń gbààwẹ̀ lóṣooṣù nítorí ọmọ-ọmọ ká apá aṣọ wọn sókè.

“O wá jẹ́ kí n jókòó fún wákàtí márùn-ún? Gbé òòyà wá.”

Ọwọ́ wọn yá ju bí wọ́n ṣe dì í lọ. Bí wọ́n ṣe ń tú u ni wọ́n ń gbàdúrà lé mi lórí ní orúkọ Jésù, n ò sì dá wọn dúró. A parí kí n tó tan àbẹ́là ọdún.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n ní n ò ní dá rìn. Wọ́n dúró dè mí níta ilé míkífà nínú òtútù. Nígbà tí mo jáde, mo rò pé wọ́n á bi mí ní ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Wọn ò bèèrè. Wọ́n tún gèlè mi so, wọ́n ní kí n yára, ọkọ mi ń dúró.