Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí

Ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láìpẹ́ yìí. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí láti jáde nílé.

Apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ láti ìgbà tí a ti bí i, wárápá sì máa ń gbé e. Nígbà tí mo mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlógbò, ọ̀gá àgbà ní kí ó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kí ó fi kan etí òsì, bí wọ́n ti ń dán gbogbo ọmọ wò kí wọ́n tó gbà wọ́n. Ọwọ́ náà kò gbéra. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ òsì kan etí ọ̀tún.

Ọ̀gá àgbà mi orí. "Ta ní ń fi òsì júwe ilé baba rẹ̀? Ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó dàgbà díẹ̀ sí i."

Ọdún yípo, wọ́n tún dá a padà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dúró kí ọwọ́ tó ti rọ ó dàgbà, títí ọmọ fi di ọ̀dọ́mọbìnrin nínú ilé. Ilé ìkọ́ṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ aláàbọ̀ ara kan ní Ìdó ló gbà á nígbẹ̀yìn. Níbẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan sín ìlẹ̀kẹ̀. Bí wárápá bá gbé e, ẹnìkan wà tí yóò fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, tí yóò sì dúró tì í.

Ìyá rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Ọ̀yẹ́. Ìgbà kan tí ilé ìkọ́ṣẹ́ wà ní ìsinmi, mo fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbẹ́ ààrò ni mo ti bá a níbi tí wárápá gbé e ṣubú sí, apá kan irun rẹ̀ ti jóná.

Nígbà tí wọ́n ní kí ó má wá mọ́, mo lọ bẹ obìnrin tó ń darí ilé ìkọ́ṣẹ́ náà.

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo ṣòfin," ó ní. "Ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́."

"Wárápá ńkọ́, mà? Ṣé òun náà ti gbọ́ pé ó ti dàgbà?"

Ó wolẹ̀. "Àwọn kékeré ń dúró, sà. Bí a kò bá yọ ẹnìkan, a ò lè gba òmíràn."

"Níbo ni àwọn tí ẹ ń yọ ń lọ?"

"Ulé, sà. Ulé ni gbogbo wọn ń lọ, ilé òbí wọn."

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nìyí: lánàá, wọ́n ní ọmọ mi kò tíì dàgbà tó, lónìí, wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Ìgbà wo gan-an ni àsìkò tirẹ̀?

Láàárọ̀ yìí, ó wọ aṣọ ilé ìkọ́ṣẹ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣàlàyé fún un pé wọn kò ní gbà á wọlé mọ́ nítorí ọjọ́ orí. Ó gbé ọwọ́ òsì kọjá lórí, ó fi di etí ọ̀tún mú.

"Bàbá, ẹ wò ó. Mo ti dàgbà. Ẹ sọ fún wọn."

Mo da omi sí iná ààrò, mo ro eérú títí ó fi tutù. Mo kó ìṣáná sápò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń dúró ní Ọ̀yẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, n kò lè tilẹ̀kùn, n kò sì lè lọ. Ó ṣì di etí náà mú, ó ń wò mí.